Awò Tòkúnbọ̀ Lórí Dẹ́kì ní Ṣómólú

Júpítà ń fò. Kì í ṣe bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń mú un gbọ̀n, bí òkúta tí èèyàn ń wò nísàlẹ̀ omi tó ń ṣàn. Eléyìí ní ìlù nínú. Gbì, gbì, gbì: á fò sápá òsì, á padà, á tún fò. Mo jókòó sórí àpótí lórí dẹ́kì ilé wa ní Ṣómólú, láptọ́ọ̀pù wà lórí itan mi, mo ń wo rogodo kékeré yẹn bó ṣe ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo fọwọ́ kan páìpù tó gbé awò awọ̀nàjíjìn mi dúró, kò mì. Mo dúró jẹ́ẹ́, mo tiẹ̀ sé èémí. Kò yí padà. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó fò ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìyẹn jẹ́ 90 ní ìṣẹ́jú kan, 5,400 ní wákàtí kan.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi. Iṣẹ́ dìsáìnì ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé káàdì, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú lọ fún àwọn onítẹ̀wé àdúgbò yìí. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun. 5,400 ní wákàtí kan, bí mọṣíìnì Jámánì àtijọ́ kan ṣe ń sáré nìyẹn bí ara rẹ̀ bá yá. Mọṣíìnì Bàbá Ìbejì ni, nílé kejì, lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Awò mi ò tíì fi ojú ọ̀run hàn mí dáadáa, ó ti ń bá mi ka bébà tí aládùúgbò mi ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Tòkúnbọ̀ ni awò awọ̀nàjíjìn yìí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Ìlú Ọba ló bá mi rà á lọ́wọ́ bàbá kan tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa gbé e jáde mọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ló wọ Èkó, nínú àpótí tí wọ́n fi fóòmù àti aṣọ àtijọ́ há láyìíká. Mi ò ní sọ iye tí mo rà á. Ìyàwó mi mọ̀wé kà.

Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 203 mm, ìyẹn íǹṣì 8. Bí ẹ bá rí i nílẹ̀, ẹ máa rò pé ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì níbi ìnáwó ni: ó kúrú, ó sanra, kò gùn tó apá mi. Ṣùgbọ́n 2,032 mm ni focal length rẹ̀, nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa tóbi tó, ó lé ní mítà méjì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Á wọlé, á lọ kan dígí ńlá tó wà ní ìdí, ìyẹn á dá a padà síwájú, dígí kékeré tó wà lẹ́nu á tún gbá a padà sẹ́yìn, kó tó wá gba ihò àárín dígí ńlá bọ́ sínú kámẹ́rà. Wọ́n ká ọ̀nà gígùn pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní. Cassegrain, ará Faransé ayé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò dígí méjì yìí. Dígí pẹlẹbẹ tó bo ẹnu awò, ọgbọ́n Bernhard Schmidt ni, ọmọ Estonia tó ṣiṣẹ́ ní Hamburg ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1930. Ọwọ́ kan ni ọkùnrin náà ní. Ẹ̀tù ló gba ìkejì nígbà tó wà lọ́mọdé, òsì tó kù ló fi ń dán dígí títí dọ́jọ́ alẹ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì bá ń gbọ̀n lórí skúrù kan ṣoṣo.

Awò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kò ju 400 mm lọ, kò sì ka àṣìṣe èèyàn sí. Bí máòǹtì tó gbé e bá wọ́ díẹ̀, fọ́tò á ṣì dára. Bí ológbò bá rìn lórí dẹ́kì, kò ní mọ̀. Awò gígùn kì í gba irú ẹ̀ mọ́ra. Dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan lójú kámẹ́rà mi, píksẹ́lì ni àwọn onífọ́tò ń pè é ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì la mọ̀ ní Ṣómólú, fẹ̀ ní 2.9 maikirómítà. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po 206, tí ẹ wá pín in sí 2,032, ohun tó máa jáde ni 0.29 arcsecond. Ẹ gé dígírì kan sí 3,600, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní arcsecond. Fún ẹni tí nọ́ńbà ń dà lójú rú: bí a bá gbé Third Mainland Bridge, tó gùn ní kìlómítà 11.8, lọ tẹ́ sórí òṣùpá, nǹkan bíi dọ́ọ̀tì 21 ló máa jẹ́ nínú fọ́tò mi. Afárá á hàn bí ìlà tín-ínrín, bó bá tiẹ̀ hàn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí ẹ̀ kò ní hàn.

Ìyẹn ni adùn rẹ̀. Ìkorò rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá mì lórí ilẹ̀ ló máa di ńlá pẹ̀lú. Ayé kì í dúró: ìràwọ̀ tó wà lágbedeméjì ojú ọ̀run ń sá ní arcsecond 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí mọ́tọ̀ tó ń yí máòǹtì tọ ìràwọ̀ lẹ́yìn bá kú, ìràwọ̀ tó wọlé létí kan fọ́tò mi ti jáde létí kejì kí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó pé.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ nípa rẹ̀ bi mí pé, nínú iná Èkó yìí, kí ni mo fẹ́ fi irú awò bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣì í mú. Lóòótọ́, iná ìlú ti pa ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà mọ́ wa lójú. Lálẹ́ tí sánmà bá mọ́ jù lórí Ṣómólú, mi ò lè ka ìràwọ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n Júpítà ò mọ̀ pé iná wà. Òṣùpá ò mọ̀. Wọ́n mọ́lẹ̀ ju kí iná ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan dí wọn lọ́wọ́. Àwọn gan-an ló sì nílò awò gígùn, nítorí wọ́n kéré: Júpítà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yẹn kò fẹ̀ tó arcsecond 50 lójú ọ̀run wa. Èyí tó wá jẹ́ ẹ̀bùn fún wa ni pé Èkó wà ní dígírì 6.5 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ojú ọ̀nà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń tọ̀ sì máa ń gba òkè orí wa kọjá. Àwọn ará Ìlú Ọba máa ń wo wọn láàárín èéfín ìsàlẹ̀ sánmà ní ọdún mìíràn. Èmi, ọrùn ló ń dùn mí.

Àwọn baba wa náà kò fojú kékeré wo àwọn arìnrìnàjò wọ̀nyí. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Awò kékeré mi àtijọ́ ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé ajá yẹn, pílánẹ́ẹ̀tì Venus, pàápàá máa ń lé bí oṣù, á wọ̀ọ̀kùn bí oṣù, á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ yó. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo ti mọ̀ pé màá ra èyí tó tóbi.

Ọ̀rọ̀ kàn láńlọ́ọ̀dù. Mo lọ bá Alhaji lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní mo fẹ́ gbé nǹkan kan sórí dẹ́kì.

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Awò ni, Alhaji."

Ó gbójú sókè. "Awo? Lórí ilé mi?"

"Ẹ má bínú, Alhaji, awò ni mo wí, kì í ṣe awo. Èyí tí wọ́n fi ń wo òṣùpá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kò burú, àmọ́ bí mo bá lu ihò kan ṣoṣo sí dẹ́kì òun, ọjọ́ tí òjò bá jò wọ yàrá òun, èmi ni màá tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ dídè páìpù mọ́ dẹ́kì ṣe tán nìyẹn.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí máòǹtì bá wá kò wúlò fún mi. Apá tó ń yí lára máòǹtì gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá gangan, kó sì ga sókè ní iye dígírì tí ìlú ẹni wà. Àwọn tó ṣe é ti ń ronú nípa 40, 50. Àmì ara tèmi tán ní 10. Ní 6.5 tiwa, ó ti fẹ́ sùn pẹlẹbẹ, irin tí wọ́n ń gbé òkúta ìdọ́gba sí á sì lọ gbá ẹsẹ̀ iwájú. Mo lọ sí Ọwọ́dé Onírin, mo ra páìpù oníǹṣì 6 tó nípọn, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Wẹ́dà tó wà lójúlé kẹta sí wa fi irin pẹlẹbẹ sí i lókè àti nísàlẹ̀, ó sì gé irin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn ju iwájú lọ, kó lè gbé apá gúúsù máòǹtì sókè, kí imú rẹ̀ lè wálẹ̀ tó bí mo ṣe fẹ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ẹsẹ̀ táńkì omi ni. Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo yan yanrìn gbẹ lórí iná, mo rọ ọ́ sínú páìpù títí ó fi kún. Páìpù òfìfo máa ń dún bí agogo bí èèyàn bá ta á níka. Èyí tó ní yanrìn nínú á kàn dún kọ́, ó tán. Níbi tí mo gbé e sí lórí dẹ́kì, mo ní kí bíríkìlà tó bá Alhaji kọ́ ilé náà wá fi hàn mí. Àárín dẹ́kì máa ń rọ̀ bí ìbùsùn bí èèyàn bá ń rìn. Àwa ò lè mọ̀, awò mọ̀. Orí òpó ló ti le. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó gbá ibòmíràn, ó ní "Ibí yìí." Kò wo ìwé kankan. Ibẹ̀ ni páìpù wà títí dòní, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù mẹ́fà lórí ìdí rẹ̀.

Òun náà ló yá mi ní pọ́ńbù, okùn olórí irin tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Ìràwọ̀ Àríwá tí àwọn tòkè òkun fi ń wá ojú àríwá kò ṣeé rí níbí: bíi dígírì 6 àti ààbọ̀ ló wà sókè ilẹ̀, ilé alájà mẹ́rin kan tó kọjú sí Gbàgádà sì ti bò ó. Kọ́mpáàsì kò ṣeé gbára lé lórí dẹ́kì tí wọ́n fi irin hun inú rẹ̀. Mo gbé e rìn, imú rẹ̀ ń yí bí ẹni tó mutí. Oòrùn ni mo lò. Ní Èkó, oòrùn kì í kan àtàrí ní aago 12. Aago wa bá ti ìlà dígírì 15 mu, nígbà tí a wà ní nǹkan bíi 3.4, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú 46 la fi ń pẹ́, láì tíì ka ìyípadà tó ń bá oòrùn láti oṣù dé oṣù. Láàárín oṣù Kínní, nǹkan bí aago 12:55 ni. Mo so pọ́ńbù rọ̀ sára igi, mo dúró de aago náà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí òjìji okùn. Òjìji yẹn ni àríwá. Ẹ má dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, nítorí oòrùn máa ń wà lókè orí wa gan-an nígbà yẹn. Òjìji okùn kò ní sí.

Ìlà ṣọ́ọ̀kì kàn mú mi dé ìtòsí ni. Ìràwọ̀ ló ṣe èyí tó kù. Mintaka ni mo lò, èyí tó ń ṣáájú nínú ìràwọ̀ mẹ́ta Orion tó tò gbọọrọ. Orí ìlà agbedeméjì ojú ọ̀run gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, ní oṣù Kínní sì ni ó máa ń kan òkè orí wa nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago 11 òru lù. Mo gbé e sáàárín, mo jẹ́ kí mọ́tọ̀ máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mo sì ń ṣọ́ ibi tó ń yọ́ lọ. Bó bá yọ́ sí gúúsù, imú máòǹtì ti ya sí ìlà-oòrùn jù. Bó bá yọ́ sí àríwá, ó ti ya sí ìwọ̀-oòrùn jù. Lẹ́yìn náà mo lọ mú ìràwọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lápá Bàríga: bí ìyẹn bá yọ́ sí gúúsù, imú ti wálẹ̀ jù, bó bá yọ́ sí àríwá, ó ti ga jù. Yí skúrù díẹ̀, dúró, wò ó. Yí i padà díẹ̀, dúró. Ó gba alẹ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá ti dúró ti mọṣíìnì tí wọ́n ń wá rẹ́jísítà, ìyẹn kí àwọ̀ kan jókòó lé èkejì gẹ́lẹ́, mọ irú sùúrù yìí: wọ́n á sún pléètì bí ìwọ̀n irun, wọ́n á tẹ bébà méjì, wọ́n á fi lúùpù, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, wò ó, wọ́n á tún sún un.

Mo ti fo ìyà kan kọjá. Kí ọyẹ́ tó dé, ní ọjọ́ tí awò dé gan-an, mo gbé e sí yàrá wa níbi tí éèsì wà, torí mo rò pé ooru Èkó á bà á jẹ́. Lálẹ́ mo gbé e jáde. Kí n tó sọ pé mo fẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ ti funfun báláú, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Afẹ́fẹ́ wa kún fún omi débi pé, ní ọ̀pọ̀ òru, ohunkóhun tó bá tutù sí nǹkan bíi dígírì 24 á máa làágùn. Mo ti fa ìdí ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè láti nù ún kí n tó rántí pé oje tí wọ́n fi kun dígí yẹn kò fẹ́ ìnurá. Díráyà irun ìyàwó mi ló gbà mí, mo ń fẹ́ ẹ láti ọ̀nà jínjìn bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tuntun. Láti ìgbà náà, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní éèsì ló ń gbé, nínú àpótí tí mo da sílíkà sí kí dígí má baà bu, fóòmù dúdú tí àwọn ṣúmékà ń lò sì ni mo ká yí ẹnu rẹ̀ ká kí ìrì má baà kàn án ní tààrà.

Ìrìnàjò orí omi tún ti yẹ dígí kékeré rẹ̀. Bí mo bá mú ìràwọ̀ kúrò lójú fókọ́ọ̀sì, ó yẹ kó dà bí dónọ́ọ̀tì tí ihò wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Tèmi, ihò ti sá sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹyin ojú ẹni tó ń wo èèyàn ní kọ̀rọ̀. Skúrù mẹ́ta ló wà fún un. Ẹ má tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà láé, dígí á bọ́ sínú. Ẹ yí ọ̀kan bí ìdá mẹ́jọ, ẹ dá ìràwọ̀ padà sáàárín, ẹ wò ó. Kò le, ó kàn ń tánni ní sùúrù.

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí nǹkan ṣe bí ẹni fẹ́ dára, Alhaji gun òkè wá. Ó ti gbọ́ nípa Sátọ̀n àti òrùka rẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìparí oṣù Kọkànlá ni. Mo fi ẹyin awò sí i, mo ní kó tẹ̀ ba. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Òrùka tí wọ́n ń wí dà?"

Mo ní kó wo ìlà tín-ínrín tó gba àárín rẹ̀ kọjá, bí abẹ́rẹ́ tó gún òróǹbó.

"Èyí? Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Òrùka náà tínrín gan-an, ayé sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó ní nǹkan bí ọdún 15 síra wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2025 lèyí tó kẹ́yìn, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kọkànlá, ó tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán. Nínú gbogbo ọdún tí mo lè ra awò, èyí tí Sátọ̀n bọ́ òrùka rẹ̀ kalẹ̀ ni mo yàn. Alhaji sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àánú mi lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun á bá mi bẹ ẹni tó tà á fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kínní dé, tí Júpítà wà ní ìdojúkọ oòrùn ní ọjọ́ kẹwàá, tí ayé wà láàárín òun àti oòrùn, tó ń mọ́lẹ̀ bí iná ọkọ̀, tó ń gun òkè dé dígírì 74 lórí Ṣómólú, mo ti ní gbogbo ohun tí mo nílò: òpó tó le, àríwá tó péye, dígí tó jókòó. Mo tan kámẹ́rà, ó sì ń fò bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan.

Mo ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí inú ń bí mi. Ó ń fò tó dọ́ọ̀tì 8, ìyẹn arcsecond méjì àti díẹ̀. Kí orí páìpù onímítà kan tó yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó máa sún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn bébà onígíráàmù 80 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mọṣíìnì yẹn ṣe ń gba inú ilẹ̀ wá, ó gba ìpìlẹ̀ wa, ó gun òpó tí bíríkìlà ní ó le jù, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Òpó náà le lóòótọ́. Ìdí tí ó fi ń gbé ìró dáadáa nìyẹn.

Mo lọ bá Bàbá Ìbejì lówùúrọ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ náà sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọṣíìnì mi dé ọ̀run?" Kò lè dúró, mo sì mọ̀ kí n tó débẹ̀: oṣù Kínní ni, àwọn tó gbàgbé láti tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, òru sì ni iná máa ń wà. Ṣùgbọ́n ó ronú díẹ̀, ó nu íǹkì lọ́wọ́.

"Àwọ̀ kan ṣoṣo ni tèmi ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tẹ búlúù 5,000 tán, a gbọ́dọ̀ fọ rólà kí a tó gbé pupa sí i. Ogún ìṣẹ́jú, ó lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ṣé ogún ìṣẹ́jú á tó ẹ?"

Á tó, á ṣẹ́kù. Júpítà kò jẹ́ kí èèyàn pẹ́ lórí rẹ̀ lọ́nàkọnà. Kò tó wákàtí 10 tó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí fídíò bá ti kọjá ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, àwọn ìlà ara rẹ̀ á ti sún, wọ́n á dà rú. Ìṣẹ́jú méjì, fọ́tò 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 12,000. Sọ́fúwíà á wá ṣa èyí tí afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ fún nínú wọn, bóyá ìdá kan nínú mẹ́wàá, á tò wọ́n lé ara wọn lórí. Ìyókù, ìdọ̀tí.

"Bí a bá ti pa á, màá fíláàṣì ẹ," ni Bàbá Ìbejì wí.

Bí a ṣe ń ṣe é látìgbà náà nìyẹn. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, èmi á tẹ bọ́tìnì. Mo ti mọ iṣẹ́ tí ó wà lórí mọṣíìnì rẹ̀ ju bí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Iṣẹ́ àwọ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ràn. Tó bá jẹ́ ìwé rìsíìtì onídúdú nìkan, mo máa ń lọ sùn.

Ní ọjọ́ kan, nǹkan bí aago 8 alẹ́, ó fíláàṣì, ó sì tẹ̀ lé e gòkè wá fúnra rẹ̀, lúùpù rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọrùn bó ṣe máa ń wà. Júpítà ṣì wà nísàlẹ̀ lápá Bàríga. Mo fi hàn án lórí láptọ́ọ̀pù. Kò sọ pé "Ọlọ́run ńlá" bí àwọn yòókù ṣe máa ń wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé lúùpù lé ojú láptọ́ọ̀pù, ó di ojú kan.

"Ta ló tẹ èyí?"

"Kí ló ṣe é, Bàbá Ìbejì?"

"Búlúù yọ lókè. Pupa yọ nísàlẹ̀. Rẹ́jísítà ò jókòó."

Òótọ́ ni. Èmi tí mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá rò pé kámẹ́rà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ni: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ìsàlẹ̀ sánmà wá, afẹ́fẹ́ tó nípọn á tẹ búlúù ju pupa lọ, wọn ò ní balẹ̀ sójú kan náà. Bó bá gun òkè, afẹ́fẹ́ tó máa gbà kọjá á dín kù, wọ́n á padà sórí ara wọn.

"Nígbà wo?"

"Bí aago kan òru ló máa ga jù."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní yẹ́lò ló kàn, àti pupa lẹ́yìn rẹ̀.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì rí ẹsẹ̀ náà lójú láptọ́ọ̀pù kí n tó gbọ́ ọ. Ó dúró títí fídíò fi parí, kò sún mọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀, òórùn kẹrosíìnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé lúùpù sí i. Ìlà ara Júpítà tò gbọọrọ, méjì tó pọ́n àti àwọn kéékèèké, Àmì Pupa Ńlá, ìjì ńlá ara rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ létí kan. Etí rẹ̀ mọ́ yíká.

"Ó ti jókòó," ló wí. Ó tún wò ó díẹ̀ sí i. "Dúdú rẹ̀ ni kò tíì tó."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, Júpítà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò.